Mo Ka Ìlà, N Kò Sọ

Bí ẹ bá dé Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ yà sí ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Ẹ kò ní bèèrè ọ̀nà, ariwo ẹ̀rọ ni yóò júwe rẹ̀ fún yín. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí nílẹ̀ ni abọ́: abọ́ oníke, abọ́ irin, ike ọ̀dà tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, àti bàsíà, tí gbogbo wọn tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ iléèwé lórí pápá. Àwọn tó ni wọ́n kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ti lọ ra ẹja, ẹnì kan ń ná gààrí, ẹnì kan jókòó síbi òjìji, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Abọ́ ló ń bá wọn dúró. Bí ó bá sì kan abọ́ kan tí olówó rẹ̀ kò sí nítòsí, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò pariwo pé, "Ta ló ni abọ́ pupa yìí o? Ó ti kàn yín o!"

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń tò sórí ìlà. Ìyá mi ti ń ta ata àti tòmátì ní Ọjà Ọba láti ìgbà tí n kò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ mìíràn a máa fẹ́ kí ó bá àwọn lọ ohun tí wọ́n rà, èmi ni ó sì máa ń rán. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tó kọ́kọ́ gbé abọ́ lé mi lórí. Mo dé ibi ẹ̀rọ, mo rí èèyàn mẹ́ta péré, inú mi dùn. Àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kí n tó padà. Mo rò pé màámi yóò nà mí ni, ẹ̀rín ló rín.

Ó ní, "Èèyàn lo kà. Má ka èèyàn mọ́. Abọ́ ni kó o máa kà, kó o sì wo ohun tó wà nínú rẹ̀."

Ó wá kọ́ mi. Abọ́ ata kékeré kò ju ìṣẹ́jú 2 lọ. Bàsíà ata ẹni tó fẹ́ ṣe ìnáwó lè gba ìṣẹ́jú 10, nítorí pé wọn yóò dà á sẹ́nu ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹlẹ́wà bá wà níwájú, wọn yóò kọ́kọ́ fọ ẹ̀rọ kí ata má baà wọnú mọ́ínmọ́ín onímọ́ínmọ́ín, ìyẹn lè tó ìṣẹ́jú 8. Nítorí náà, bí mo bá bá abọ́ kékeré mẹ́fà, bàsíà méjì àti ẹ̀wà kan nílẹ̀, mo mọ̀ pé 12 pẹ̀lú 20 pẹ̀lú 8 jẹ́ 40. Mo á gbé abọ́ tèmi sẹ́yìn ìlà, mo á sì sáré lọ sọ fún màámi pé, "Ogójì ìṣẹ́jú ni o." Òun náà á sọ fún oníbàárà rẹ̀. Oníbàárà yóò wá yàn fúnra rẹ̀ bóyá òun yóò dúró ni, tàbí òun yóò gbé ata òun lọ ilé lọ fi ọlọ lọ̀ ọ́. Nígbà yẹn, mo rò pé iṣẹ́ ìṣirò nìkan ni màámi ń kọ́ mi. N kò fiyè sí sáré tí mo ń sá padà lọ sọ ọ́.

Ní oṣù Keje ọdún 2022, nígbà tí a parí ìdánwò JSS3, iléèwé wa kó wa lọ sí ọgbà ìṣeré kan ní Ìbàdàn. Owó àjọ ni màámi fi san tèmi. Ó ti ń dá a lójoojúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ náà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí a fi gbéra ní Adó. A gba Ìyìn, Ìgèdè àti Arámọkọ, a kọjá Iléṣà àti Ifẹ̀. Orin ni a ń kọ títí tí ohùn fi há. Tíṣà wa kìlọ̀ fún wa kí a tó sọ̀kalẹ̀ pé aago méjì ọ̀sán ni ọkọ̀ yóò gbéra padà, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ wa lọ́nà, àti pé ẹni tó bá pẹ́ yóò jìyà rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ ńlá kan wà nínú ọgbà náà, irú èyí tó ń yí díẹ̀díẹ̀ tó ń gbé èèyàn ròkè, tí ẹni tó bá wà lókè pátápátá lè rí òrùlé ilé lọ títí. Òun ni gbogbo wa sáré lọ bá. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tò tẹ̀lé ara wa. Ọ̀rẹ́ mi yìí, láti kíláàsì kejì ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Aago 11:30 ni. Bí a ti dúró ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà bí màámi ṣe kọ́ mi. N kò ka èèyàn nìkan, mo ka àga. Àga mẹ́wàá ló wà lára kẹ̀kẹ́ náà, èèyàn méjì ló ń jókòó sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ogún èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà tí wọ́n bá kó ogún sókè títí tí wọn yóò fi kó ogún mìíràn, ìṣẹ́jú 10 ni. Àwọn tó wà níwájú wa tó 120. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni yóò yí kí ó tó kàn wá, wákàtí kan gééré. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé, "Aago 12:30 ni yóò kàn wá." Ó gbà mí gbọ́. Kò sí ẹni tí kì í gbà mí gbọ́ nídìí ìṣirò nínú kíláàsì wa.

Nígbà tó di 12:30, èèyàn bí 80 ṣì wà níwájú wa. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣì í kà ni. Mo wá na ọrùn wo iwájú dáadáa, mo sì rí ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn àgbàlagbà tó mú ọmọ wọn wá ń gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n ń fi owó sọ́wọ́ ẹni tó dúró síbẹ̀. Nínú ogún àyè tó wà lórí kẹ̀kẹ́, méje péré tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ló ń kan ìlà tiwa. Ìṣirò mi kò ní àṣìṣe. Ìlà ni kì í ṣe ẹyọ kan bí mo ṣe rò. Ogójì nínú wa ló ń kọjá ní wákàtí kan. Ó ku 80, ìyẹn wákàtí méjì. Aago 2:30 ni yóò tó kàn wá, aago 2:00 sì ni ọkọ̀ yóò lọ.

Mo wo ọwọ́ òsì, mo rí ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń yí ọgbà ká. Ìlà tirẹ̀ kò gùn, kò tó èèyàn 30. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn nìyí, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́: bí mo bá la ẹnu mi níbí, gbogbo kíláàsì wa ni yóò ya lọ síbẹ̀, ìlà yẹn náà yóò sì gùn kí n tó débẹ̀. Mo bá yí sí ọ̀rẹ́ mi, mo ní, "Mò ń bọ̀, mo fẹ́ lọ tọ̀."

Ó ní, "Yára o. Mo á bá ẹ di àyè ẹ mú."

N kò padà. Mo gun ọkọ̀ ojú irin náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo wa mọ́tò kékeré tó ń kọ lu ara wọn. Mo jókòó sábẹ́ igi, mo jẹ ìrẹsì tí màámi dì fún mi. Inú mi dùn, mo sì ń rò ó pé ọlọ́gbọ́n ọmọ ni mí. Nígbà tí awakọ̀ fọn fèrè, mo rí ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀ láti ìdí kẹ̀kẹ́ ńlá, òógùn ti mú kí aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó ku bí ogún èèyàn níwájú rẹ̀ nígbà tí tíṣà pè é. Kò gun nǹkan kan ní gbogbo ọjọ́ náà. Kò bínú sí mi, ìyẹn ló tún burú. Ohun tó sọ ni pé, "Ṣé inú ń run ẹ́ ni? Mo di àyè ẹ mú títí. Wọ́n fẹ́ bá mi jà nítorí ẹ."

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún màámi bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Mo sọ bí mo ṣe ka àga, bí mo ṣe rí ẹnu ọ̀nà kejì, bí mo ṣe tètè kúrò. Màámi ń ṣa tòmátì, èyí tó le sí ọ̀tọ̀, èyí tó rọ̀ sí ọ̀tọ̀. Kò gbé ojú sókè.

"Ṣé o sọ fún un?"

Mo dákẹ́.

"Bí ẹ̀rọ ata bá bàjẹ́," ó ní, "tí ẹni tó wà níwájú rí i, tó sì rọra gbé abọ́ tirẹ̀ lọ síbi ẹ̀rọ kejì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Ọjà Ọba?"

Mo mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é. N kò lè sọ ọ́ jáde. Màámi kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó ń ṣa tòmátì rẹ̀ lọ.

Oṣù méje lẹ́yìn èyí, ìlà mìíràn dé, tí kì í ṣe ti eré. Ẹ̀yin òbí wa kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Ọjọ́ 31 oṣù Kínní ọdún 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbèdéke sí, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Owó àtijọ́ ti wọ báńkì, owó tuntun kò sì tó nǹkan níta. Ní Ọjà Ọba, ata ń rà lórí àtẹ. Ẹni tó fẹ́ rà kò ní owó bébà lọ́wọ́, bó bá sì fi fóònù fi owó ránṣẹ́, ó lè má wọlé títí di ọjọ́ kejì.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ìyá mi ló ku ti ọjọ́ méjì. Olóògùn ní òun kò gba owó orí fóònù mọ́ nítorí àwọn tí tiwọn kò wọlé ti pọ̀ jù. Màámi fún mi ní káàdì rẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ kan, ó ní kí n lọ tò síwájú báńkì kan ní ìgboro Adó. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti ń kọ orúkọ sínú ìwé ìdárayá ọmọ iléèwé. Èmi ni ẹni 163.

Aago mẹ́jọ ni ẹ̀rọ ATM náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, ẹni 15 ló ti gba owó. Ẹnì kan ń gba ìṣẹ́jú 4, nítorí ẹ̀rọ náà ń lọ́ra. Wọ́n ní aago mẹ́rin ni wọn yóò tì í. Wákàtí mẹ́jọ lọ́nà 15 jẹ́ 120. Èmi 163 kò lè gba nǹkan kan lọ́jọ́ náà, bí mo tilẹ̀ dúró tí ẹsẹ̀ mi wú. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nọ́ńbà tiwọn ti kọjá 200. Ohùn màámi dún sí mi létí: "Ṣé o sọ fún un?"

Mo sọ ọ́. Àyà mi ń já, àmọ́ mo sọ ọ́ sókè. Ọkùnrin kan pariwo mọ́ mi pé ta ló bí ọmọ yìí, pé ṣe ni mo fẹ́ lé àwọn èèyàn kí ó lè tètè kàn mí. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, èmi náà ń lọ. Ẹni 163 ni mí." Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ gba ìwé náà, ó tún un ṣírò, ó ní, "Òótọ́ ni ọmọ yìí sọ." Àwọn tó kọjá 120 bẹ̀rẹ̀ sí í gbìmọ̀. Àwọn kan lọ wá báńkì mìíràn, àwọn kan ní kí wọ́n fi orúkọ àwọn síwájú fún ọjọ́ kejì, àwọn kan ní àwọn yóò dúró bóyá Ọlọ́run yóò ṣe é. Mo padà lọ bá màámi. Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Màámi lọ bá ìyá ẹlẹ́ja kan tó ní owó bébà lọ́wọ́. Ìyá náà yá a lówó, ó ní òun yóò fi tòmátì gbà á padà díẹ̀díẹ̀. A ra oògùn kí oòrùn tó kàn wá lórí.

Mo rò pé mo ti ṣe é pé wàyí. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá kan dúró níwájú àtẹ wa, ó ń wò mí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí lo ní 120 ni yóò gbà. Ẹni 101 ni mí. Owó tán nínú ẹ̀rọ nígbà tó kan ẹni 94." Ó ti dúró láti aago mẹ́rin ìdájí títí di aago méjì kọjá lọ́sàn-án. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo ti ka èèyàn, mo ti ka ìṣẹ́jú, n kò bèèrè bóyá owó tó wà nínú ẹ̀rọ yóò tó. Màámi fún ìyá náà ní ata, ó sì sọ fún mi lẹ́yìn tó lọ pé, "Ohun tó o mọ̀ lo sọ, ìyẹn dára. Nígbà mìíràn, sọ ohun tó ò mọ̀ mọ́ ọn."

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí á máa ná owó àtijọ́ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà. Díẹ̀díẹ̀ ni ìlà fi tú ká. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìlà kò kúrò lọ́kàn mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa rẹ̀. Mo rí i pé ọmọ Denmark kan, Agner Krarup Erlang, tó ń bá iléeṣẹ́ tẹlifóònù ṣiṣẹ́ ní Copenhagen, kọ ìwé jáde ní ọdún 1909 lórí ìṣirò ìpè tẹlifóònù, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ nípa ìlà ti bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn onímọ̀ ìṣirò. Mo kà nípa kẹ̀kẹ́ ńlá tí George Ferris gbé kalẹ̀ ní Chicago ní ọdún 1893: àpótí 36, èèyàn 60 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn èèyàn 2,160 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo ìlà wa ti Ìbàdàn kì bá tí kún àpótí mẹ́ta nínú rẹ̀.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn ọgbà ìṣeré Disney ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1999 ni wọ́n gbé ètò kan jáde níbẹ̀: o ó gba ìwé tí wọ́n kọ àkókò sí, o ó lọ ṣe nǹkan mìíràn, nígbà tí àkókò bá tó, o ó padà wá gun ohun tó o fẹ́ gùn. Mo ní, "Háà, abọ́ pupa rèé!" Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe níbi ẹ̀rọ ata ni. Nígbà tó di ọdún 2021, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé ẹni tó bá san owó sí i ló ń gba ìlà tó yá kọjá. Mo rántí ẹnu ọ̀nà kejì. Ó kéré tán, wọn kò fi tiwọn pamọ́, ẹni tó wà lórí ìlà mọ̀ pé ó wà.

Nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo mọ̀ pé ó kù ẹnì kan tí mo gbọ́dọ̀ lọ bá. Mo lọ sílé ọ̀rẹ́ mi ní ọjọ́ Àìkú kan, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pé n kò lọ tọ̀, pé mo mọ̀ pé kò ní kàn wá, pé n kò fẹ́ kí ìlà ọkọ̀ ojú irin gùn mọ́ mi lọ́wọ́. Ó dákẹ́ títí. Mo rò pé yóò lé mi jáde.

Ó wá ní, "Ṣé o rò pé mo máa tẹ̀ lé ẹ ni? Ọkọ̀ ojú irin kọ́ ni mo wá gùn. Mo fẹ́ wo Ìbàdàn láti òkè. Bó o bá tiẹ̀ sọ fún mi, mo lè dúró síbẹ̀."

Mo fẹ́ mí kanlẹ̀. Ara fẹ́ tù mí.

"Ṣùgbọ́n ó yẹ kó o sọ fún mi," ó ní. "Èmi ló yẹ kí n mọ ohun tí mo ń dúró dè."

Wọ́n máa ń kọ́ wa níléèwé pé sùúrù ni baba ìwà, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ti rí i pé ẹni tí kò mọ iye tó wà níwájú rẹ̀ kò tíì yan sùúrù, ó kàn ń dúró ni. Kò sí ẹni tó lè sọ fún ẹlòmíràn iye wákàtí tí ohun kan tó kí ó fi dúró dè é. Fún èmi, wákàtí kan ni kẹ̀kẹ́ ńlá yẹn tó. Fún ọ̀rẹ́ mi, ó ju wákàtí mẹ́ta lọ. Fún ìyá tó jẹ́ ẹni 101, n kò mọ ohun tó fẹ́ fi owó náà rà. Ohun tí ẹni tó ríran jìnnà díẹ̀ lè ṣe ni kí ó sọ ohun tó rí, kí ó sì sọ èyí tí kò rí.

Mo ṣì ń gbé abọ́ lọ síbi ẹ̀rọ ní Ọjà Ọba bí mo bá ti iléèwé dé. Àwọn tó bá dé lẹ́yìn mi máa ń bi mí pé, "Ó ku mélòó?" Mo á ka abọ́, mo á wo inú rẹ̀, mo á tẹ́tí sí ẹ̀rọ bóyá ó ń wúkọ́. Mo á wá dá wọn lóhùn pé, "Ogún ìṣẹ́jú ni o, mà, àmọ́ n kò mọ̀ bóyá epo inú ẹ̀rọ yóò tó. Ẹ jẹ́ kí n bá yín bèèrè."